Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Ṣáínà Dì

Ẹ̀yin tí ìka yín ń kú tirin, ẹ̀yin tí ìpàkọ́ ń fọ́ láàárọ̀ tí ẹ ń sọ pé iṣẹ́ ló fà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Èmi ò mọ̀wé. Bàṣírá, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi iyọ̀ sí i. Ohun tí ojú mi rí kò dùn.

Irun dídì ni mo fi jẹun. Iwájú ilé wa ní Challenge ni mo ń jókòó sí, lábẹ́ páànù tí ọkọ mi kàn síbẹ̀ kó tó kú. Irun olówùú ni wọ́n fi mọ̀ mí jù. Àwọn akọ̀wé obìnrin máa ń wá láti Ring Road, wọ́n á ní ọwọ́ Ìyá Làtí kì í dunni lórí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Alájà Sàràtù, ló ń bójú tó ilé náà. Inú ìgboro ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń gba ayálégbé sílé, àwọn náà ni wọ́n ń lé e.

Ayálégbé kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, ọmọ Ṣakí, onítẹ̀bọmi, Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ará Ṣáínà kan wá to ẹ̀rọ fún wọn níbẹ̀, ó sì pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin náà ló kọ́ Sámúẹ́lì ní ìjà ilẹ̀ wọn. Nígbà tí òun náà mọ̀ ọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lórí ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé wa, láàárọ̀ kùtù kí bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ tó wá gbé e. Sìfú làwọn ọmọ ń pè é. Mo rò pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni. Mo bi í pé, "Irú orúkọ wo lèyí ní Ṣakí?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, olùkọ́ ló ń jẹ́ lédè Ṣáínà." Mo ní, "Bó ti wù kó jẹ́, ó dùn ún pè." Láti ọjọ́ náà, Sìfú ni mo ń pè é.

Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn. Bí mo bá ti kírun sùbúhì tán, màá gbé àpótí mi lọ sẹ́yìn, màá máa wò wọ́n. Sinimá tí wọ́n ń wò ní Dùgbẹ̀ ti ba àwọn ọmọ náà jẹ́, gbogbo wọn ló fẹ́ fò. Sìfú á ní, "Ẹni tí kò tíì mọ ìdúró, ibo ló fẹ́ fò lọ?" Á ní kí wọ́n la ẹsẹ̀, kí wọ́n ba bí ẹni tó gun ẹṣin, ẹṣin ò sì sí lábẹ́ wọn. Itan wọn á máa gbọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ara wọn, wọ́n á di ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bò ó. Ó ní ìkúùkù ni agbára, àtẹ́lẹwọ́ ni ìwà, ìwà ló gbọ́dọ̀ bo agbára. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni èyí tó ń dá ṣe nígbà táwọn ọmọ bá lọ tán. Ó lọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, kò ní dúró, kò sì ní yára. Ó ní ọ̀gá òun sọ pé kéèyàn ṣe é bí ẹni ń fa òwú jáde nínú ìdì: bó bá yára, òwú á já; bó bá dúró, á lọ́ mọ́ra. Èmi tí mo ti ń fa òwú láti kékeré, ta ló tún fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún mi?

Ní gbogbo àkókò yẹn, àìsàn ti wà lára mi. Ìpàkọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jí, á dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé mi lẹ́yìn ọrùn. Tó bá di ọ̀sán, á fúyẹ́. Mo ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí, mo ń sọ pé bí mo ṣe ń tẹ̀ ba lórí olórí ló fà á. Nígbà tó yá, ìka ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn. Òwú á bọ́, màá ṣà á. Ojú mi á ṣú fìrí, á tún là. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Onídìrí tó bá ní ọwọ́ òun ń kú, ta ni yóò tún gbé orí wá fún un?

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ kan. Àwọn ọmọ ti fẹ́ẹ̀ parí. Mo fi Sìfú ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Sìfú, wọ́n ní ará Ṣáínà lè fi ìka méjì mú àgbàlagbà jókòó. Àbí irọ́ sinimá náà ni?"

Ó ní, "Ìyá, ẹ má dán mi wò o."

Làwọn ọmọ bá figbe ta: "Sìfú, ẹ ṣe é fún Ìyá! Ẹ ṣe é!"

Mo dìde dúró. Ó rọra mú mi lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, ó yí i díẹ̀. Kò dùn mí. Orúnkún mi kàn kúrò lábẹ́ mi ni, mo sì bá ara mi lórí àpótí. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti dì yín nìyẹn, Ìyá! Ẹ ò lọ mọ́, ó di ìgbà tí mo bá tú yín." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ fọn fèrè níta. Ó já báàgì rẹ̀ gbà, ó sáré lọ. Ọmọ kan pariwo tẹ̀ lé e: "Sìfú, ẹ ò tú Ìyá o!" A tún rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo dìde, mo lọ dáná.

Bàṣírá, fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní òun dì mí. Kò ní òun tú mi.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ń dirun fún ọmọ kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Mo ti ṣe ìdajì orí. Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ ṣà á, ọwọ́ ò lọ. Mo wo ọwọ́ náà: ó wà lórí èjìká ọmọ yẹn bí ọwọ́ ẹlòmíì tí wọ́n gbé síbẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ìyá, ẹ ń fara tì mí." Ló bá yíjú padà. "Yéè! Ìyá, ẹnu yín!"

Làtí, ọmọ mi tó ń wa takisí, ń fọ mọ́tò rẹ̀ nítòsí. Mo fẹ́ pè é. Nínú orí mi, orúkọ rẹ̀ pé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "bà, bà, bà." Ẹ gbọ́, ẹ̀rù tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀rù ikú. Ẹ̀rù pé mo wà nínú ara mi bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, mò ń lu ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Làtí gbé mi wọlé, ó ránṣẹ́ sí Alájà, nítorí kò sí ohun tá à ń ṣe nílé yẹn láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́. Kí wọ́n tó kírun àsárì, wọ́n ti dé. Wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè, wọ́n jù ú sílẹ̀, ó bọ́ lulẹ̀ bí ẹran. Ọmọ tó pariwo lọ́jọ́ Jímọ́ ló wá rojọ́ fún wọn, ó ń sunkún bó ṣe ń rò ó.

Alájà pàtẹ́wọ́. "Èdì ni! Ó dì í, kò tú u! Ọwọ́ tó mú náà kọ́ lèyí?"

Làtí ní, "Alájà, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sọ́sibítù ná."

"Pa mọ́tò yẹn! Ẹni tó wà nínú èdì, bí abẹ́rẹ́ òyìnbó bá kàn án, òkú ni. Ṣé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ sin ìyá rẹ ni?"

Báyìí la ṣe jókòó. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ láti èjìká mi dé ọrùn ọwọ́, wọ́n fi ẹbu dúdú pa á, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Wọ́n fún mi lágbo, ó gba imú mi padà. Ààfáà fọ wàláà, wọ́n fi omi hàntú nù mí lójú. Mi ò ní bú ààfáà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Alájà, Ọlọ́run tó ni àdúrà ló ni dókítà náà." Wọ́n ní kó máa ṣe èyí tí wọ́n pè é wá ṣe.

Kí n má tan yín, èmi náà gbà gbọ́ pé Sìfú ló dì mí. Bí mo bá gbọ́ bàtà Ṣáínà dúdú tó máa ń wọ̀ yẹn tó ń bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, màá kọjú sógiri. Ọmọ tí mo ń bu ẹ̀kọ fún láàárọ̀!

Lọ́jọ́ Wẹsidé, wọ́n pè é síwájú yàrá mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní.

Alájà ní, "Ohun tó o dì, wá tú u."

"Alájà, mi ò di nǹkan kan. Eré ni. Ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi ní Ṣakí. Ọwọ́ kan, ẹnu kan. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èkejì dé, òun ló sì gbé wọn lọ."

Alájà figbe ta. "Ẹ gbọ́ o! Ó ti mọ ọjọ́ tí yóò pa á!"

Làtí, ọmọ mi, dìde sí i. Ó gbá a lójú. Sìfú tó lè dá ọkùnrin mẹ́ta jókòó, kò gbé ọwọ́. Mo gbọ́ ìgbájú náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ọjọ́. Ọjọ́ Ajé jẹ́ ọ̀kan, Wẹsidé jẹ́ ẹ̀ta. Bí ìpàkọ́ mi bá ti lù lẹ́ẹ̀kan, màá ní èkejì náà rèé. Mi ò lè sọ fún ẹnì kankan pé mò ń kà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, kí Alájà tó jókòó dáadáa, Sìfú wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn. Ó ní, "Ẹ dákun, èmi ni. Mo dì wọ́n. Mo ti ṣe tán láti tú wọn."

Alájà ní, "Ṣé ẹ rí i?"

"Ṣùgbọ́n wọn kì í tú ìdì Ṣáínà nílé. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Dókítà ni yóò kọ́kọ́ fi rọ́bà wọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà, kí n tó mọ ibi tí màá ti fà á."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Èmi tí mo dì í ti yọ̀ǹda. Abẹ́rẹ́ kò ní pa wọ́n lára mọ́. Bí wọ́n bá kú, ẹ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Ìyẹn ni wọ́n gbọ́. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun kò ṣe é, wọ́n gbọ́ ti ẹni tó ní òun ló ṣe é. Kíá, wọ́n ti gbé mi sínú takisí. Sìfú jókòó sẹ́yìn, ó gbé orí mi lé itan rẹ̀. Mo rò pé ọwọ́ ẹni tó ń pa mí lọ ni mo wà.

Ní ọsibítù ìjọba, a bá èrò. Ìgbà yẹn làwọn sójà ní kí gbogbo ìlú máa tò sórí ìlà, nọ́ọ̀sì kan ò sì jẹ́ kẹ́nì kan fò ó. "Ẹ tò! Ẹ tò! Kò sẹ́ni tí kò ṣàìsàn níbí!" Bẹ́ǹṣì gígùn ni, bí ẹnì kan bá wọlé, gbogbo wa á sún síwájú. Ìyá kan jókòó ní ẹni kẹta síwájú mi, ẹnu òun náà wọ́ bíi tèmi. Nígbà tó ṣe, orí rẹ̀ ṣubú sórí ọmọ rẹ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ. Mo gbọ́ tí ọmọ náà ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwa tó kù wo ara wa. Lẹ́yìn náà, a sún síwájú. Títí dòní, bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹnì kan sì ní kí n sún síwájú, ara mi á bù máṣọ.

Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo ojú aago rẹ̀. Ó tún un fẹ́. Kò jágbe mọ́. Ó dìde, ó lọ pe dókítà fúnra rẹ̀.

Dókítà náà, ọmọ Yorùbá ni, kò dàgbà ju Làtí lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti pẹ́ lára mi, òun ló fa rọpárọsẹ̀. Alájà ní kó là á yé àwọn. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú orí wọn."

Alájà yíjú sí Sìfú. "Ó dì, àbí? Dókítà náà ti rí i."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Títí dòní, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn kúrò lọ́kàn wọn.

Wọ́n dá mi dúró. Yàrá tí wọ́n gbé mi sí, obìnrin méje ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ọ̀kan ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ń sọ "bà, bà" bíi tèmi. Ìyá olóko kan wà níbẹ̀ láti Ìdó, ẹ̀wù rẹ̀ ṣì ń rùn eéfín. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣáínà wo ló lọ sí oko Ìdó lọ di ìyá yìí? Ta ló di àwọn méjèèje? Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Omi bọ́ lójú mi, ó ń wọ inú etí mi, mi ò sì lè nù ún.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé níbẹ̀. Mi ò sùn. Mò ń wo òrùlé, mò ń dúró dè é. Ilẹ̀ mọ́. Kò wá.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, dókítà ní oògùn ni màá máa lò títí ayé, kí n jìnnà sí iyọ̀, kí n sì máa lo ọwọ́ náà kó má bàa gan pa. Ọwọ́ ti di ìkúùkù, kò ṣe é là. Láàárọ̀ kùtù, Sìfú á gbé mi jókòó lórí àpótí mi lẹ́yìn ilé, á di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ẹ fa òwú, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ má jẹ́ kó já." Òun ló ń fà á níbẹ̀rẹ̀, èmi ń wò. Alájà á jókòó tì wá bí ọlọ́pàá. Lójú tiwọn, ìdì ló ń tú. Wọ́n ti sọ fún un: "Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tú tán ni kó o kó jáde nílé mi." Àwọn òbí ti kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló kù lórí ilẹ̀ yẹn, òun àti èmi arọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́nu mi, gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ tò pọ̀ ni pé, "Kò dì mí." Alájà mi orí. "Ó ti di ọkàn rẹ̀ náà." Mo wo Sìfú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ìkúùkù rẹ̀, ó tẹ orí ba fún mi.

Ìgbà tó yá, àtàǹpàkò là. Ìka kejì tẹ̀ lé e. Inú mi ò dùn bó ṣe yẹ kó dùn. Bí Alájà bá ti wọlé, màá tún di ọwọ́ náà ní ìkúùkù, màá fi ìró bò ó. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń gbé ìwòsàn mi pa mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, orí ọmọdé kan tó dàrú wà níwájú mi, mi ò mọ̀gbà tí mo mú òòyà. Mo ti ya ìlà kan tó gún régé nígbà tí mo gbọ́ ohùn Alájà lẹ́yìn mi: "Alihamudulilahi! Ó ti tú!" Wọ́n ń jó, wọ́n ń dì mọ́ mi. Èmi ń sunkún, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni Sìfú kó ẹrù rẹ̀. Làtí bá a gbé e dé ọ̀nà, kò lè wò ó lójú. Ó yà sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí òwú já o." Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mò ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀. Mo lè di irun ńláńlá, mi ò lè ṣe olówùú mọ́, ìka tó kéré jù ò dáhùn. Mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, àní nígbà tí oògùn wọ́n lọ́jà. Ẹ̀rù ò sì tíì kúrò. Bí mo bá jí, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, màá fi àtàǹpàkò kan ìka kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́ta bá dáhùn, màá mọ̀ pé èkejì ò wá lóru.

Èyí tó jẹ́ kí n ní kí Bàṣírá mú gègé rèé. Lẹ́yìn iléyá tó kọjá, Alájà jókòó sọ́dọ̀ mi, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ìpàkọ́. Wọ́n ní ó dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé àwọn lọ́rùn. Mo bẹ̀ wọ́n ká lọ sọ́sibítù, wọ́n ní agbo ń bẹ nílé. Mo rojọ́ obìnrin méje, wọ́n ń yán. Mo sunkún, wọ́n ní kí n má fi ẹkún pe nǹkan. Mo wá rántí irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń gbọ́.

Mo ní, "Alájà, lọ́jọ́ tí ọmọ Ṣakí yẹn ń lọ, kò bọ̀ yín lọ́wọ́ bí?"

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Ó bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Ẹ ò wá rò ó? Wọn kì í sáà tú ìdì Ṣáínà nílé."

A dé ọsibítù kí oòrùn tó gun. Rọ́bà kò purọ́: ẹ̀jẹ̀ wọn ga ju tèmi lọ. Wọ́n ti ń lo oògùn báyìí, ọlọ ti kúrò lọ́rùn wọn, orúkọ Sámúẹ́lì ni wọ́n sì ń ṣépè fún láàárọ̀ bí wọ́n bá ti gbé e mì.

Sìfú, níbi tó o bá wà, forí jì mí. Irọ́ àkọ́kọ́, ìwọ lo pa á mọ́ra rẹ kí n lè yè. Èkejì, èmi ni mo pa á mọ́ ọ. Bàṣírá, má tíì kà á sí Alájà létí, jẹ́ kí oògùn wọ̀ wọ́n lára dáadáa ná. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó mọ̀wé lè rí i kà: kò dì mí. Òun ló tú mi.